Ọmọ Tí Ó Ń Tú Nǹkan: Bí A Ṣe Lè Tọ́ Ọmọ Tí A Bí Ọgbọ́n Ẹ̀rọ Mọ́

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn òbí àti àwọn ọmọ awo ní Ìpàta, Ìlọrin)



Mo júbà Olódùmarè, ọba tí ó ni ọ̀la. Mo júbà Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín. Mo júbà Ògún, onírin, ẹni tí ó lànà fún àwọn òrìṣà yòókù. Mo júbà ẹ̀yin ìyá, mo júbà ẹ̀yin bàbá. Ẹnu mi kò ní í ṣì í sọ o.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí títọ́ ọmọdé tí a bí ọgbọ́n ẹ̀rọ mọ́. Ẹ mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kò tíì lè kọ orúkọ ara rẹ̀ tán, ó ti mọ ibi tí a ti ń ṣí ẹ̀yìn rẹ́díò. Bí ìyá rẹ̀ bá rán an lọ lọ ata, kò ní í tètè dé, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìlọta ni ó dúró sí, tí ó ń wo bí bẹ́líìtì ṣe ń fa àgbá. A máa ń pe ọmọ bẹ́ẹ̀ ní apanirun. N óò bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé tèmi, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe.

Ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ kan wà nílé wa tí n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Inú rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ohùn olùkọ́ mi, bàbá tí ó kọ́ mi ní Ifá, tí ó ti wọ káà ilẹ̀ lọ. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni. Ojú rẹ̀ méjèèjì kún fún ohùn àgbà náà, ó ń kì Ifá, ó ń wúkọ́, ó ń bèèrè omi, ó tún ń kì Ifá lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, ní ìjókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀rọ náà ti di wẹ́wẹ́ níwájú rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, “Bàbá, mo ti rí i.”

N kò bèèrè ohun tí ó rí. Mo nà án. Mo kó gbogbo ohun tí ó wà nílẹ̀, àti kásẹ́ẹ̀tì, àti irin, àti bébà, mo rọ́ wọn sínú àpò ọ̀rá, mo so ó, mo jù ú sí abẹ́ ibùsùn.

Láti ọjọ́ náà ọmọ náà kò tú nǹkan mọ́. Inú mi dùn. Mo rò pé ó ti gbọ́ràn ni. Ìyá mi ni ó kọ́kọ́ fura. Ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, “Ìgbà tí ọmọ yìí ń tú ilé ká, a mọ ibi tí ó wà. Èyí tí ó wá dákẹ́ yìí, ibo ni ó lọ?” N kò rí ìdáhùn fún ìyá mi.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, mo gbé àpò ọ̀rá náà lọ bá Àlàájì kan tí ó ń tún rẹ́díò ṣe nínú ọjà. Ó da ẹrù náà sórí tábìlì. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, “Dókítà, ta ni ó tú u?”

Mo ní, “Ọmọ mi ni, Àlàájì. Ó ti bà á jẹ́.”

Ó ní, “Kò bà á jẹ́. Ẹ wo èyí.” Ó mú bébà kékeré kan tí a ká jọ. Nọ́ọ̀tù mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀, a sì ya àmì kan sí ara bébà náà. Ó mú òmíràn, àmì tirẹ̀ yàtọ̀. Ọmọ náà ti dì nọ́ọ̀tù ibi kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó lè mọ ibi tí yóò dá wọn padà sí. Àlàájì tún na ìka sí rọ́bà kan, irú èyí tí a fi ń di owó. “Bẹ́líìtì inú ẹ̀rọ yìí ti gbó, ó ti rọ̀. Rọ́bà yìí ni ọmọ yín fi dípò rẹ̀. Kò lè pẹ́ kí ó tó já, ṣùgbọ́n ibi tí àrùn wà gan-an ni ó fọwọ́ lé.”

Ìgbà náà ni mo rántí pé ó ti pẹ́ tí ohùn olùkọ́ mi ti ń fà, tí ó ń wúwo bí ohùn ẹni tí oorun ń kùn. Ọjọ́ ogbó ẹ̀rọ ni mo kà á sí. Ọmọ ọdún méje gbọ́ ọ, ó wá ìdí rẹ̀, ó rí i. Ohun tí ó fẹ́ sọ fún mi nìyẹn. Ní ti kásẹ́ẹ̀tì, nígbà tí mo rọ́ ọ mọ́ irin nínú àpò ni ó já tí ó sì rún. Àlàájì gé ibi tí ó ti rún kúrò, ó lẹ ìyókù pọ̀. Apá kan ohùn olùkọ́ mi ti lọ títí láé. Ọwọ́ mi ni ó ba á jẹ́, kì í ṣe ọwọ́ ọmọ.

Ohun tí ó dùn mí jù lọ kò tíì tán. Nígbà tí a bí ọmọ náà, èmi fúnra mi ni mo dá Ifá ẹsẹ̀ntáyé rẹ̀. Ifá sọ fún mi pé iṣẹ́ Ògún ni ọ̀nà rẹ̀. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ náà, mo sì fi yangàn. Nígbà tí ó dé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, n kò dá a mọ̀.

Ohun tí èdè wa ti sọ tẹ́lẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ agbádá awo díẹ̀, kí n gbé ti olùkọ́ èdè wọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a ń pè ní ẹ̀rọ, inú ọ̀rọ̀-ìṣe “rọ” ni a ti ṣẹ̀dá rẹ̀, ìyẹn “rọ” tí a ń lò bí alágbẹ̀dẹ bá rọ ọkọ́, tí ó rọ àdá. Ìdí arọ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ẹ̀rọ jẹ́ ohun àjèjì sí wa, kí ó bi èdè rẹ̀ léèrè.

Ẹ wo ìwádìí. Wá ìdí ni. Ọmọ tí ó bá dojú nǹkan délẹ̀ kí ó lè rí ìdí rẹ̀, iṣẹ́ tí yunifásítì ń sanwó fún ni ó ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo ìtumọ̀. Tú ìmọ̀ ni. Babaláwo a máa tú ọ̀rọ̀ Ifá, ọmọdé a máa tú rẹ́díò. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni, nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni. Ohun tí a dì ni àwa méjèèjì fẹ́ rí inú rẹ̀. Ẹ wá wo àtúnṣe. Tún un ṣe ni, kí a ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí ẹni tí ó lè tún nǹkan ṣe tí kò kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ṣe é ní àkọ́kọ́. Nítorí náà, títú ni ìyá àtúnṣe. Ẹni tí kò bá fẹ́ rí títú kò gbọdọ̀ máa retí àtúnṣe.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ya bíba-nǹkan-jẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára títú. Ọmọ tí inú ń bí a máa fọ́ nǹkan, a sì kúrò níbẹ̀. Ọmọ tí ọgbọ́n ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀. A jókòó tì í, a to ohun tí ó tú sílẹ̀, a gbàgbé oúnjẹ. Ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó wo pàṣán.

Orí tí Àjàlá mọ

Ẹ̀yin ọmọ awo tí ẹ mọ Ogbè-Ògúndá mọ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n ń bọ̀ wá sí ayé: Orísèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní kí wọ́n lọ yan orí ní ilé Àjàlá, amọ̀kòkò tí ó ń mọ orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò ní sùúrù. Wọ́n gbé èyí tí ó tóbi tí ó sì dára lójú, wọn kò mọ̀ pé iná kò jó o dénú. Òjò pa wọ́n lójú ọ̀nà, orí náà sì ń yìnrìn. Afùwàpẹ́ yà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ó bèèrè ọ̀nà, ó rúbọ, ó san gbèsè tí Àjàlá jẹ. Àjàlá fúnra rẹ̀ ni ó bá a fi ọ̀pá irin kan àwọn orí náà wò, tí ó fi rí èyí tí ó dún dáadáa.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo mú níbẹ̀ fún ọ̀rọ̀ òní. Àkọ́kọ́, ọmọ Ògún gan-an wà lára àwọn tí ó yan orí tí òjò bàjẹ́. Pé ẹ̀bùn wà nínú ìdílé kò tó. Èkejì, ohun tí ó gba Afùwàpẹ́ là ni pé ó ní bàbá tí ó lè bi léèrè, bàbá náà sì dá a lóhùn. Ọmọ tí ó bá bèèrè tí a nà, ta ni yóò tún bi? Ẹ̀kẹta, amọ̀ rere tí kò rí iná tó, òjò ni yóò mú un. Ẹ bi àwọn ìyá wa tí ń mọ ìkòkò ní Dada, ní Òkèlele níhìn-ín ní Ìlọrin. Ọwọ́ ìyá ni ọmọ ti ń kọ́ iṣẹ́ náà. Ìkòkò lè dára lójú nígbà tí ó ṣì tutù, ṣùgbọ́n iná ni ó ń sọ ọ́ di ohun tí a lè fi pọnmi. Ẹ̀bùn ọmọ ni amọ̀. Ẹ̀kọ́, sùúrù àti ìwà ni iná.

Ìgbéraga wa àti pàṣán wa

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ fún ẹgbẹ́ wa pàápàá. Ẹ má bínú sí mi. A fẹ́ràn láti máa sọ ohun tí àwọn baba ńlá wa ṣe, òtítọ́ sì ni. Àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938, àgbáyé ṣì ń yà wọ́n wò. Ní Igbó Olókun, ní Ilé-Ifẹ̀ kan náà, àwọn awalẹ̀pìtàn ti fi hàn pé àwọn ènìyàn wa yọ́ gíláàsì fúnra wọn, wọ́n sì fi rọ ìlẹ̀kẹ̀, kí òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa. Níhìn-ín ní Ìlọrin, àwọn tí ó wá láti Ọ̀yọ́-Ilé ni ó mú iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ lántànà wá, òkúta pupa tí wọ́n ń lu ihò sí láàárín, tí wọ́n sì ń dán títí yóò fi máa kọ mànà.

Ibo ni iṣẹ́ lántànà wà lónìí? Ìlẹ̀kẹ̀ olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun wọ ọjà, owó kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ kò kọ́ ọ mọ́, àwọn àgbà kú, ọgbọ́n ọwọ́ wọn sì bá wọn lọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí apá kan kásẹ́ẹ̀tì mi ni ó ṣẹlẹ̀ sí gbogbo iṣẹ́ kan nínú ìlú kan.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ yọ́ gíláàsì ní Igbó Olókun, ó dájú pé ó fọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan kí ó tó mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ilé wa ni a bí i sí lónìí, ǹjẹ́ a kò ní í nà án? Kò tọ́ kí a máa fi ọwọ́ kan tọ́ka sí idẹ Ifẹ̀, kí a fi ọwọ́ kejì di pàṣán mú fún ọmọ tí ì bá tún un ṣe.

Àpẹẹrẹ kan tí a lè tẹ̀lé

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Oṣòdì ní Èkó ni a bí i sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta, ọdún 1937. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ó jẹ́ ọ̀gá ibùdókọ̀. Ìyá rẹ̀ ń ṣòwò. Ọmọ náà kàwé títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1966, ó sì padà wálé wá kọ́ni ní Yunifásítì Èkó. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, ọdún 1972, ìjọba Nàìjíríà yí ọ̀nà ọkọ̀ padà: a kúrò ní ọwọ́ òsì, a bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọkọ̀ Opel tí Awójọbí ń lò, ọwọ́ ọ̀tún ni ìdarí rẹ̀ wà. Ó tú u, ó sì gbé e sí ọwọ́ òsì fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó mú ọkọ̀ jíìpù àtijọ́ kan ti àwọn sójà, ó ṣe é di ọkọ̀ tí ó lè fi gbogbo jíà rẹ̀ sáré síwájú, kí ó sì fi gbogbo wọn sáré sẹ́yìn. Autonov 1 ni ó pe orúkọ rẹ̀. Ní 1974, Imperial College tún fún un ní oyè tí ó ga ju ti ọ̀mọ̀wé lọ. Ó jáde láyé ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1984, ní ẹni ọdún 47.

Ohun kan wà nínú ìtàn rẹ̀ tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ. Nígbà tí ó wà ní CMS Grammar School, ó kópa nínú eré Macbeth, ipò Macbeth fúnra rẹ̀ ni ó ṣe, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ tí ó ń tú ọkọ̀ àti ẹnu tí ó ń sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé, ara ẹnì kan ni méjèèjì wà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọmọ tí ó mọ ẹ̀rọ kò nílò ìwé.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Ní àkọ́kọ́, ẹ bèèrè kí ẹ tó bínú. “Kí ni o ń wá níbẹ̀?” Bí ọmọ bá lè sọ ohun tí ó ń wá, ẹ ti rí ẹ̀bùn rẹ̀.

Èkejì, ẹ fún un ní àpótí tirẹ̀. Rẹ́díò tí ó ti kú, aago ògiri tí kò rìn mọ́, kẹ̀kẹ́ ọmọdé tí ó ti dẹnu kọlẹ̀. Ẹ yọ bátìrì inú wọn. Ẹ fún un ní agolo tí yóò máa kó nọ́ọ̀tù sí. Kí òfin ilé jẹ́ ẹyọ kan: ohun tí ó wà nínú àpótí, tú u bí o ti fẹ́, ohun tí kò sí níbẹ̀, bèèrè.

Ẹ̀kẹta, ẹ kọ́ ọ ní èèwọ̀, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀, nítorí pé ọmọ tí ó ń wá ìdí kì í gba èèwọ̀ tí kò ní ìdí. Iná ìjọba tí ó wà lára ògiri, èèwọ̀ ni, ó ń pani. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, èèwọ̀ ni, nítorí pé iná lè wà nínú rẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ waya rẹ̀. Bátìrì fóònù, pàápàá èyí tí ó ti wú, a kì í gún un, a kì í ṣí i. Ó lè gbiná. Jẹnẹrétọ̀ kì í ṣiṣẹ́ nínú yàrá tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èéfín rẹ̀ a máa pa gbogbo ilé lójú oorun. Ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì rẹ̀ ń yí, a kì í na ọwọ́ sí i. Ògún tí ń fúnni ní iṣẹ́ ni Ògún tí ń mu ẹ̀jẹ̀. Àwa tí a ń bọ ọ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ìyẹn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe yọ ọmọ kúrò nílé ìwé kí ẹ fà á fún ọ̀gá mẹ́káníìkì nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́. Òfin ẹ̀kọ́ ti ọdún 2004 ní orílẹ̀-èdè yìí sọ ọ́ di dandan pé kí ọmọ kàwé fún ọdún mẹ́sàn-án: mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní ìpele àkọ́kọ́ girama. Ní ọjọ́ Sátidé tàbí nígbà ìsinmi, ẹ mú un lọ jókòó ti oníṣẹ́ ọwọ́ tí ìwà rẹ̀ dára, kí ó máa wò, kí ó máa mú irinṣẹ́ wá. Ìṣirò ni yóò sọ fún un ìdí tí àgbá ńlá fi ń yí díẹ̀ nígbà tí àgbá kékeré ń yí púpọ̀. Bí kò bá mọ ìṣirò, yóò máa tún ohun tí ẹlòmíràn ṣe ṣe títí ayé ni. Kò ní í ṣẹ̀dá tirẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má ṣe wo ọmọkùnrin nìkan. Àwọn obìnrin ni ó ń mọ ìkòkò Dada, àwọn obìnrin pọ̀ nídìí òfì. Bí ọmọbìnrin yín bá ń tú aago, kí ẹ má ṣe pè é padà sí ìdí ààrò. Ìmọrí kò bèèrè bóyá akọ ni tàbí abo kí ó tó sọ ọ̀nà orí.

Ẹ̀kẹfà, ìwà. Ẹ má ṣe máa pe àlejò wá wò ó bí ẹni tí ń wo eégún. Ọmọ tí a bá ń yìn lójoojúmọ́ fún ohun tí a bí mọ́ ọn, kò ní í lè fara da iṣẹ́ tí kò bá bọ́ sí i lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ yìn ín nígbà tí ó bá padà sídìí ohun tí ó dà á láàmú lánàá. Alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan náà, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.

Èkeje, fún àwa babaláwo. Ẹsẹ̀ntáyé àti ìmọrí ń sọ ọ̀nà fún wa. Wọn kò fọ́ ojú wa. Bí a bá ti sọ fún òbí pé ọmọ yìí, iṣẹ́ irin ni tirẹ̀, iṣẹ́ wa kò tán. Kí a padà lọ ní ọdún kẹta, ní ọdún keje, kí a bèèrè pé, “Kí ni ọwọ́ ọmọ náà ń ṣe báyìí?” Bí ẹnì kan bá ti bi mí ní ìbéèrè yẹn, bóyá ohùn olùkọ́ mi ì bá ṣì pé.

Mo fẹ́ parí. Nígbà tí mo ti ọ̀dọ̀ Àlàájì dé, mo pe ọmọ mi. Mo jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ó jókòó sí lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún un pé mo ti rí ohun tí ó rí, mo sì ní kí ó forí jì mí. Kò dáhùn. Àgbà kì í sábà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé láwùjọ wa, kò sì mọ ohun tí yóò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Mo gbé àpótí kan fún un; kò ṣí i fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. N kò yọ ọ́ lẹ́nu. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo ń gbọ́ ohùn olùkọ́ mi láti inú ẹ̀rọ tí a ti tún ṣe. Ó dé ibi tí a gbé gé kásẹ́ẹ̀tì, ohùn náà fò. Ọmọ náà yọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀rọ náà kọ́ ni. Kásẹ́ẹ̀tì ni.”

Mo ní, “Mo mọ̀, ọmọ mi. Wá jókòó.”

Ó wá. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àpótí náà ti wà ní ṣíṣí.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó mọ ẹ̀ka tí ó yẹ ní gígé ni a fi ń pẹ̀ ẹ́. Kí Orí gbè wá, kí ó gbe àwọn ọmọ wa. Kí Ògún má ṣe fi irin tí wọ́n ń wá ìdí rẹ̀ ṣe wọ́n léṣe.

Àṣẹ.